Ìdánwò Tàbí Ìdẹwò? Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ àti Àwòrán Inú Ìwé Jákọ́bù, Orí Kìn-ín-ní

Ìfáàrà

Bíbélì wà lára àwọn ìwé tí ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ èdè Yorùbá múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè àkọsílẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther ni ó léwájú nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ náà. Ìtumọ̀ Ìwé Róòmù tí ó ṣe jáde ní ọdún 1850. Odindi Bíbélì jáde ní 1884. Èyí tí a tún yẹ̀ wò sì jáde ní 1900. Àwọn olùkọ́ a máa dárúkọ ìwé yìí nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ni ní ìtàn àkọtọ́ àti ìtàn lítíréṣọ̀ àpilẹ̀kọ, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí a mú ibì kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kí a tú u wò gẹ́gẹ́ bí a ti ń tú ewì tàbí ìtàn-àròsọ wò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ibì kan wà nínú rẹ̀ tí ìṣòro wọn kì í ṣe ti ẹ̀sìn nìkan. Ti èdè ni pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú irú ibi bẹ́ẹ̀ ni orí kìn-ín-ní Ìwé Jákọ́bù, láti ẹsẹ 2 dé ẹsẹ 18, níbi tí òǹkọ̀wé ti sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè dúró gbọn-in nígbà tí ohun búburú bá ń pè é.

Ohun tí ó rú ọ̀rọ̀ lójú níbẹ̀ kò fara sin. Ní ẹsẹ 2, a rọ àwọn ará pé kí wọ́n ka onírúurú ìdánwò tí ó bá dé bá wọn sí ayọ̀. Ní ẹsẹ 12, a yin ẹni tí ó fara da ìdánwò, a sì ṣèlérí adé ìyè fún un. Ẹsẹ 13 ni ọ̀rọ̀ ti yí padà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní Ọlọ́run ni ó ń dán òun wò, nítorí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òǹkàwé tí ó bá sì ti ka orí kejìlélógún Ìwé Gẹ́nẹ́sísì yóò rántí pé ọ̀rọ̀-ìṣe yìí gan-an ni a lò fún ohun tí Ọlọ́run ṣe sí Ábúráhámù. Èwo ni kí ó gbà? Bí ìdánwò bá jẹ́ ohun ayọ̀, èé ṣe tí ó fi di èèwọ̀ láti sọ pé ọwọ́ Ọlọ́run ni ó ti wá? Bí Ọlọ́run kò bá sì dán ẹnikẹ́ni wò, kí ni a ó pe ohun tí ojú Ábúráhámù rí?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ìwé nìkan. Ẹni tí ó bá ṣi ẹsẹ wọ̀nyí lóye lè ṣìnà lọ́nà méjì. Ó lè máa bá Ọlọ́run jà nígbà tí ó yẹ kí ó bá ara rẹ̀ wí; ó sì lè máa sá fún ìnira tí ó yẹ kí ó fara dà, nítorí tí ó ti kà á sí iṣẹ́ ọ̀tá. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ohun méjì ni Jákọ́bù ń sọ̀rọ̀ lé lórí, pé orúkọ kan ṣoṣo ni méjèèjì ń jẹ́ nínú èdè tí ó fi kọ̀wé, àti pé èdè Yorùbá, tí ó ní orúkọ méjì fún wọn, lè la òǹkàwé lójú ju bí ìtumọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ti ṣe lọ.

Ọ̀rọ̀ kan lédè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ méjì lédè Yorùbá

Èdè Gíríìkì ni a fi kọ Ìwé Jákọ́bù. Ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó wà ní ẹsẹ 2 àti ẹsẹ 12 níbẹ̀ ni peirasmos. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá a tan, peirazō, ni ó wà ní ẹsẹ 13 àti ẹsẹ 14. Ọ̀rọ̀ yìí gbòòrò. Ó lè jẹ́ ìnira tí a fi ń mọ bí ohun kan ti lágbára tó. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀tàn tí a fi ń fa ènìyàn sínú ibi. Ẹni tí ó gbọ́ Gíríìkì ni yóò fi òye ara rẹ̀ mọ èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn.

Yorùbá kò fi gbogbo ẹrù yìí lé òye lórí. Ìdánwò wà, ìdẹwò sì wà. Bí a bá tú wọn sí wẹ́wẹ́, ìdánwò jẹ́ ì- + dán + wò, ìdẹwò sì jẹ́ ì- + dẹ + wò. Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni a fi ṣẹ̀dá méjèèjì, irú èyí tí àbọ̀ rẹ̀ ń bọ́ sí àárín: a dán Òjó wò, a dẹ Òjó wò. Wò ni ó pa wọ́n pọ̀, nítorí pé nínú méjèèjì, ẹnìkan ń retí láti rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti yapa ni ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́. Alágbẹ̀dẹ tí ó rọ àdá tán a dán an wò lára igi. Ó fẹ́ kí àdá náà mú, ìdùnnú rẹ̀ sì ni bí kò bá ṣẹ́. Ṣùgbọ́n dẹ, ọ̀rọ̀ ọdẹ ni. Òun ni ó wà nínú dẹ pàkúté. Òun ni ó wà nínú ìdẹkùn, okùn tí a dẹ sílẹ̀ de ẹran. Òun náà ni ó wà nínú ìdẹ, ohun jíjẹ tí a fi sí ẹnu ìwọ̀ fún ẹja. Ẹni tí ó dẹ nǹkan sílẹ̀ fẹ́ kí ohun tí ó ń dẹ kó sí i. Àdánù rẹ̀ ni bí ó bá bọ́. Nítorí náà, ìyàtọ̀ àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì wà nínú ohun tí ẹni tí ó ṣe é ń fẹ́, kì í ṣe nínú bí ìnira náà ti pọ̀ tó.

Ilé-ìwé fúnra rẹ̀ pèsè àpẹẹrẹ. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó ṣe ní ìparí ẹ̀kọ́, ìdánwò ni Yorùbá ń pè é. Kò sí ẹni tí ń pè é ní ìdẹwò. Ìbéèrè lè le, kí òógùn sì bo akẹ́kọ̀ọ́, síbẹ̀ olùkọ́ tí ó gbé e kalẹ̀ ń fẹ́ mọ ohun tí ọmọ náà mọ̀ ni, inú rẹ̀ a sì dùn bí ó bá yege. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yọ́ wá ní òru ọjọ́ tí ó ṣáájú láti ta ìdáhùn, ohun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní ẹ́sípò, kò dán akẹ́kọ̀ọ́ wò. Ó dẹ ẹ́ wò ni. Lórí iṣẹ́ kan náà, láàrin ọjọ́ kan sí méjì, ìdánwò àti ìdẹwò lè jọ dé bá ọmọ kan ṣoṣo.

Gíríìkì tí Jákọ́bù kọ ti ìyàtọ̀ yìí lẹ́yìn. Ní ẹsẹ 3 àti ẹsẹ 12, ó fi àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn gbe peirasmos lẹ́sẹ̀, èyíinì ni dokimion àti dokimos. Irú ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún owó tàbí wúrà tí a ti yẹ̀ wò tí a sì rí i pé ojúlówó ni, ni ìwọ̀nyí. Kò sí ìkankan nínú wọn ní ẹsẹ 13 dé ẹsẹ 15. Níbẹ̀, ohun tí ó yí peirazō ká ni ìdẹ, oyún àti ikú. Ó hàn nígbà náà pé apá kìn-ín-ní ọ̀rọ̀ Jákọ́bù dá lórí ìdánwò, apá kejì sì dá lórí ìdẹwò. Ẹsẹ 13 ni oríta wọn.

Àwòrán ìdẹ

Ẹsẹ 14 sọ ibi tí ìdẹwò ti ń wá. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni Jákọ́bù lò níbẹ̀. Ìkíní jẹ mọ́ kí a fa nǹkan jáde kúrò níbi tí ó wà. Ìkejì, deleazō, jẹ mọ́ kí a fi ìdẹ mú ẹran tàbí ẹja. Àwọn olùtumọ̀ lo fà àti tàn jẹ. Ìlò yìí kò burú, nítorí pé Yorùbá a máa fọ́n àgbàdo sílẹ̀ láti tan adìyẹ tí wọ́n fẹ́ mú, adìyẹ náà yóò sì máa ṣà á jẹ títí yóò fi dé inú ilé. Síbẹ̀, tàn jẹ ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé etí kì í sábà gbọ́ àwòrán tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́. Ká ní dẹ ni ó wà níbẹ̀ ni, ìwọ̀ àti pàkúté ìbá hàn kedere sí òǹkàwé.

Àwòrán náà tó ohun tí a ń fara balẹ̀ wò. Ẹja tí ó gbé ìwọ̀ mì kò wá ìwọ̀. Ekòló ni ó rí. Ìwọ̀ kò sì ní agbára kankan lórí ẹja tí kò bá la ẹnu. Ohun tí ẹran fẹ́ràn ni ọdẹ fi ń dẹ ẹ́. Kò sí ọdẹ tí yóò fi koríko dẹ ẹkùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú ẹran, kí ó wo ohun tí a fi mú un. Èyí ni Jákọ́bù rí tí ó fi yí ìka kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run, tí ó sì nà án sí inú olúkúlùkù. Nínú àlàyé rẹ̀, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ni ó ń ṣe ìṣe, ènìyàn ni a ń fà. Ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́ ìránṣẹ́ ènìyàn ti di ọ̀gá lé e lórí.

Yorùbá ti mọ òtítọ́ yìí tipẹ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Àwọn òwe méjèèjì kò sọ pé aláǹgbá kò sí níta, tàbí pé kòkòrò kì í ba nǹkan jẹ́. Ibi tí ààyè ti ṣí sílẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ka sí.

Ó tún yẹ ní ṣíṣàkíyèsí pé Jákọ́bù kò dárúkọ Èṣù rárá ní ẹsẹ 13 dé ẹsẹ 15. Ó di orí kẹrin, ẹsẹ 7, kí ó tó sọ̀rọ̀ nípa kíkọ ojú ìjà sí i. Èyí ṣe pàtàkì fún akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Lọ́nà kìn-ín-ní, ìdáhùn tí ó bá sọ pé ẹsẹ wọ̀nyí ń kọ́ni pé Èṣù ni ó ń fa gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ti sọ ohun tí kò sí nínú wọn. Lọ́nà kejì, Èṣù tí ó wà nínú Bíbélì Yorùbá jẹ́ orúkọ tí àwọn olùtumọ̀ mú láti inú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ fi dúró fún diabolos ti Gíríìkì. Èṣù tí àwọn babaláwo mọ̀, òjíṣẹ́ tí ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, kì í ṣe ọ̀tá Olódùmarè. Nínú Àdúrà Olúwa, bìlísì ni a lò, ọ̀rọ̀ tí ó ti inú èdè Lárúbáwá wá. Kò tọ́ kí a fi ìwà ọ̀kan nínú wọn ṣàlàyé èkejì.

Àwòrán oyún àti ìbí

Láti orí ìdẹ, Jákọ́bù bọ́ sí ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Ní ẹsẹ 15, ó sọ ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ di ìyá, ẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ rẹ̀, ikú sì di ọmọ-ọmọ. Ìfohunpènìyàn ni ọnà-èdè tí ó lò. Ó sì to àwọn ìṣe náà bí ìgbà tí ènìyàn ń gun àkàbà, tí òpin ọ̀kan jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ èkejì. Ìran mẹ́ta ni ó wà nínú ẹsẹ kan ṣoṣo.

Fún òǹkàwé Yorùbá, àwòrán yìí wúwo gan-an. Kò sí ọ̀pọ̀ ìròyìn tí ó dùn létí tó pé abiyamọ ti sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, ilé yóò kún, oyin àti iyọ̀ yóò wà nílẹ̀, a ó sì sọ ọmọ lórúkọ. Jákọ́bù gbé ayọ̀ yìí, ó sì yí i po: ọmọ-ọmọ tí ìyá àgbà ń gbé jó lọ́wọ́ ni ikú. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń ba ni lẹ́rù. Kì í ṣe pé ó jìnnà sí ìrírí ènìyàn. Ó sún mọ́ ọn jù ni.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ tí àwọn olùtumọ̀ lò yẹ fún ìyìn. Epithymia ti Gíríìkì kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ohun búburú; ní orí kejìlélógún Ìwé Lúùkù, òun ni Jésù lò fún bí ó ti ń wù ú láti bá àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ọ̀nà tí ó fi ń ya ìfẹ́ tí ó ní ìjánu sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò ní. Bí ìsọ ti rí sí ìsọkúsọ, bí ìjẹ ti rí sí ìjẹkújẹ, bí ìṣe ti rí sí ìṣekúṣe, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ rí sí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́. Àpètúnpè ni a fi ṣẹ̀dá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, wọ́n sì ń sọ nípa ìṣe tí kò mọ ààlà. Olùtumọ̀ kò dá ìfẹ́ lẹ́bi. Ìfẹ́ tí kò ní ààlà ni ó dá lẹ́bi. Níhìn-ín, ìtumọ̀ Yorùbá sọ èrò Jákọ́bù yé ni ju ọ̀rọ̀ Gíríìkì fúnra rẹ̀ lọ.

Ìtọ́ni lórí bí a ṣe ń dènà ìdẹwò wà nínú àwòrán oyún yìí, bí Jákọ́bù kò tilẹ̀ sọ ọ́ ní tààrà. Oyún kì í di ọmọ lọ́jọ́ kan. Àkókò wà láàrin ìgbà tí nǹkan wuni àti ìgbà tí a ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni àkókò mìíràn tún wà láàrin ìgbà tí a ṣe é àti ìgbà tí ó di bárakú. Ẹni tí ó bá dúró títí ẹ̀ṣẹ̀ yóò fi dàgbà kí ó tó bá a jà ti jẹ́ kí ó lágbára ju òun lọ. Ibi tí ìjà ti rọrùn jù ni ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí kò tíì sí ohun tí ojú lè rí.

Àwòrán yìí kò parí sí ẹsẹ 15. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa dá kíkà dúró níbẹ̀, wọn a sì pàdánù ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí Jákọ́bù lò fún bí ẹ̀ṣẹ̀ ti bí ikú ni apokyeō. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni ó tún lò ní ẹsẹ 18 fún bí Ọlọ́run ti fi ọ̀rọ̀ òtítọ́ bí àwọn tirẹ̀. Kò sí ibòmíràn nínú Májẹ̀mú Tuntun tí ọ̀rọ̀ yìí ti jáde. Bíbélì Yorùbá pa ìsopọ̀ náà mọ́, nítorí pé bí ni ó lò ní ibi méjèèjì. Ìbí méjì ni ó dojú kọ ara wọn: ọ̀kan láti inú ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, tí òpin rẹ̀ jẹ́ ikú, èkejì láti inú ọ̀rọ̀ òtítọ́, tí òpin rẹ̀ jẹ́ ìyè. Èyí ni ìdáhùn Jákọ́bù fún ẹni tí ó fẹ́ ka ìdẹwò sí Ọlọ́run lọ́rùn: irú ọmọ tí Ọlọ́run ń bí kò jọ èyí rárá.

Ìjàpá àti àsèjẹ Yánníbo

Olùkọ́ tí ó bá ń wá ohun tí yóò fi tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹsẹ wọ̀nyí kò ní láti rìn jìnnà. Àlọ́ kan tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá gbọ́ ní kékeré sọ pé Yánníbo, aya Ìjàpá, kò rí ọmọ bí. Ìjàpá tọ babaláwo lọ, babaláwo sì se àsèjẹ fún un. Ó kìlọ̀ fún un gidigidi pé ti Yánníbo nìkan ni àsèjẹ náà, kí Ìjàpá má ṣe fi kan ẹnu. Bí Ìjàpá ti ń lọ lọ́nà ni òórùn ọbẹ̀ ń ta sánsán sí i nímú. Ó ṣí i, ó ní kí òun kàn tọ́ ọ wò. Nígbà tí yóò fi gbé ojú sókè, ó ti jẹ ẹ́ tán. Kò pẹ́, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Ó padà tọ babaláwo lọ, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sọ pé gbòǹgbò ni ó gbé òun ṣubú, pé ọwọ́ òun ni ó ṣèèṣì kan ọbẹ̀, tí ọwọ́ sì ṣèèṣì kan ẹnu. Àwọn apàlọ́ kì í parí àlọ́ náà bákan náà, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn, ikú ni ó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà.

Àlọ́ yìí kò ti inú Bíbélì wá, Jákọ́bù kò sì gbọ́ ọ rí. Síbẹ̀, ohun mẹ́ta tí ó wà nínú ẹsẹ 13 dé ẹsẹ 15 ni ó wà nínú rẹ̀. Ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, ó sì lóyún, kì í ṣe nínú àfiwé bí kò ṣe nínú ikùn Ìjàpá gan-an. Ikú wà níbẹ̀. Àwáwí wà níbẹ̀ pẹ̀lú: gbòǹgbò ni, ọwọ́ ni, kì í ṣe Ìjàpá. Bí Jákọ́bù ṣe kọ̀ fún ènìyàn láti ní Ọlọ́run ni, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín àwọn tí ń gbọ́ àlọ́ kọ̀ fún Ìjàpá láti ní gbòǹgbò ni.

Àlọ́ náà tún fi ohun kan kún ọ̀rọ̀. Àsèjẹ náà kò burú. Bí ó bá dé ẹnu Yánníbo, ìyè ni ìbá bí. Babaláwo kò sì dẹ Ìjàpá wò. Ó fi ohun rere rán an níṣẹ́, ó sì kìlọ̀ fún un. Ìrìn-àjò náà jẹ́ ìdánwò fún Ìjàpá, bóyá yóò ṣe olóòótọ́ sí aya rẹ̀. Ọ̀kánjúà rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ìdẹwò. Ohun kan náà, ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ yí padà nítorí ohun tí ó wà nínú ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́.

Ẹ̀rí láti inú aginjù

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àlọ́ nìkan ni èrò yìí dúró lé, ìtàn Jésù nínú aginjù, ní orí kẹrin Ìwé Mátíù, jẹ́rìí sí i. Ẹ̀mí ni ó darí Jésù lọ síbẹ̀. Èṣù ni ó sì pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ láìjẹun, ebi ń pa á. Ìdẹ mẹ́ta ni a gbé síwájú rẹ̀: oúnjẹ, àṣehàn lórí ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, àti ìjọba gbogbo ayé. Lúùkù náà kọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ó fi ìkẹta ṣáájú ìkejì. Bí a bá wo ibi tí Jésù ti mú àwọn ìdáhùn rẹ̀, orí kẹjọ àti orí kẹfà Ìwé Diutarónómì ni. Ní orí kẹjọ náà ni a ti ṣàlàyé pé Ọlọ́run mú Ísírẹ́lì rìn ní aginjù fún ogójì ọdún, pé ó dán wọn wò kí ó lè mọ ohun tí ó wà lọ́kàn wọn. Aginjù kan, ebi kan: lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìdánwò ni, lọ́wọ́ Èṣù, ìdẹwò ni.

Àwọn ìdáhùn Jésù kúrú. Kò bá Èṣù jiyàn bóyá oúnjẹ dára, nítorí pé oúnjẹ dára. Nígbà tí Èṣù fúnra rẹ̀ mú ọ̀rọ̀ láti inú Sáàmù 91 wá, Jésù kò sẹ́ Sáàmù náà. Ó fi ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó wà nínú Ìwé Mímọ́ fi ààlà sí ìlò rẹ̀. Èyí bá èrò Jákọ́bù mu. Ẹni tí ó ń dènà ìdẹwò kò ní láti sọ pé ohun tí a fi dẹ òun kò wuni. Ohun tí ó ní láti mọ̀ ni ẹni tí ó gbé e wá, àti ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìdájọ́ lórí ìtumọ̀

Ṣé àwọn olùtumọ̀ ṣe àṣìṣe nígbà tí wọ́n lo dán wò láti òkè dé ilẹ̀ nínú orí yìí? Kò lè jẹ́ pé wọn kò mọ ìdẹwò, nítorí òun ni wọ́n lò nínú Àdúrà Olúwa. A lè gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ pé wọ́n fẹ́ pa àwítúnwí Jákọ́bù mọ́: ó mọ̀ọ́mọ̀ lo ọ̀rọ̀ ẹsẹ 12 ní ẹsẹ 13 kí òǹkàwé lè dá dúró bèèrè. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 ṣe bákan náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ ìdẹwò ni òun mú lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nítorí náà, ibi tí òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọsẹ̀ ni ẹsẹ 2, níbi tí ó ti dà bí ẹni pé kí ènìyàn máa yọ̀ sí ìdẹwò. Ibi tí òǹkàwé Yorùbá ti ń kọsẹ̀ ni ẹsẹ 13, níbi tí ó ti dà bí ẹni pé Ọlọ́run kò dán Ábúráhámù wò. Ẹni tí ó bá mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yóò kọsẹ̀ níbì kan dandan.

Síbẹ̀, bí a bá gbé ọ̀ràn náà sórí ìwọ̀n, dẹ wò ni ó yẹ jù ní ẹsẹ 13 àti 14. Ó bá àwòrán ìdẹ mu. Ó mú kí Jákọ́bù àti Gẹ́nẹ́sísì bá ara wọn rẹ́. Kò sì pa àwítúnwí náà run, nítorí wò wà nínú méjèèjì, ìró wọn sì súnmọ́ra. Dán àti dẹ lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ́nà tí etí yóò fi gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ti yà. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan ṣoṣo kò lè ṣe èyí.

Ẹnìkan lè sọ pé Àdúrà Olúwa tako ìdájọ́ yìí, nítorí níbẹ̀ a bẹ Ọlọ́run pé kí ó má ṣe fa àwọn tí ń gbàdúrà wọ inú ìdẹwò. Ìṣòro náà kò mọ sọ́dọ̀ Yorùbá. Nítorí irú rẹ̀ ni Ìjọ Kátólíìkì ilẹ̀ Faransé fi yí gbólóhùn náà padà ní 2017, tí ti ilẹ̀ Ítálì sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2020. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi Jákọ́bù ṣe atọ́nà yóò rí i pé fà ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà nínú àdúrà náà, pé fà náà ni ó wà ní ẹsẹ 14, àti pé Jákọ́bù sọ ẹni tí ń fa ènìyàn. Àdúrà náà jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ẹni tí ó mọ̀ pé ẹnu òun lè là sí ìdẹ, tí ó sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ọ̀nà òun má gba ibi tí a dẹ ẹ́ sí. Kò sọ pé Ọlọ́run ni ọdẹ.

Àgbálọgbábọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá béèrè irú ọ̀rọ̀ báyìí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ìwàásù dáhùn. Kí ó kọ́kọ́ fi ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà hàn, èyíinì ni ẹsẹ 13. Kí ó tú ìdánwò àti ìdẹwò sí wẹ́wẹ́, kí ó sì sọ ohun tí ẹni tí ń dán ni wò àti ẹni tí ń dẹ ni wò ń fẹ́. Kí ó dárúkọ ọnà-èdè ẹsẹ 15, kí ó sì ṣàlàyé iṣẹ́ tí ó ń ṣe, nítorí orúkọ ọnà-èdè láìsí iṣẹ́ rẹ̀ kò níye lórí. Kí ó má sì ṣe dá kíkà dúró kí ó tó dé ẹsẹ 18.

Ní ti olùkọ́, àǹfààní tí ó wà nínú kíkọ́ irú ibi báyìí ni pé ó ń jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé èdè abínibí rẹ̀ lè yanjú ohun tí èdè àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé fi sílẹ̀ láìyanjú. Jákọ́bù ní kí a yọ̀ sí ìdánwò, kí a má sì ṣe ka ìdẹwò sí Ọlọ́run lọ́rùn. Gbólóhùn méjì wọ̀nyí kò tako ara wọn mọ́ bí a bá ti fi orúkọ tí Yorùbá sọ wọ́n pè wọ́n. Ìdánwò ń bẹ níta, ìfaradà ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdẹ lè wà níta pẹ̀lú, ṣùgbọ́n inú ni ẹnu tí ń gbé e mì wà. Ibẹ̀ ni a sì ti ń dènà rẹ̀, kí oyún tó dúró.